Ìgboyà Láti Dáwọ́ Lé Ohun Tuntun: Níbo Ló Ti Ń Wá?

Igi kòkó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí àgbẹ̀ tó rí èso lórí rẹ̀. Ẹ wá ro ti àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí ẹnì kan fún ní kóró èso yìí pé kí ó lọ gbìn ín. Baba rẹ̀ kò gbin irú rẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ kò lè fi se ọbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè sun ún jẹ bí iṣu. Òkè òkun ni ẹni tó ń rà á wà, ẹni náà ló sì ń dá iye tí yóò san. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àgbẹ̀ náà gbìn ín, aládùúgbò rẹ̀ gbìn ín tẹ̀ lé e, títí tí kòkó fi di ohun tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbójú lé. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Òun náà ló kọ́ ilé gíga tó wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, tí àwọn ará ìlú sọ ní Àwòṣífìlà.

Kí ló fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyà? Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn, nítorí ìbéèrè kan náà ló wà lọ́kàn obìnrin tó fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ kó lọ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, lọ́kàn ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà, àti lọ́kàn ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ìdáhùn tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníwàásù àti àwọn tó ń kọ ìwé ìwúrí ni pé kí ènìyàn lé ìbẹ̀rù jáde lọ́kàn, kó ṣáà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé a bí ìgboyà mọ́ àwọn kan, a kò sì bí i mọ́ àwọn yòókù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá, àti nínú ohun tó ṣojú àwọn baba wa, ohun tí mo rí ni pé ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni ènìyàn ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìgboyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí kòkó náà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín lápá ọ̀dọ̀ wa ni James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó tó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Òwò Davies dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ló bá kọjú sí oko ní Ìjọ̀n, níhà ìwọ̀-oòrùn Èkó, ó sì gbin kòkó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá Èkó tí wọ́n dá oko sí Agége sọ kòkó di iṣẹ́ gidi. Jacob Kẹ́hìndé Coker jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Àwọn wọ̀nyí mọ̀wé, wọ́n nílé n'Ékòó, wọ́n mọ bí ọjà ṣe ń lọ. Bí kòkó kò bá so, ebi kò ní pa wọ́n. N kò bu ìgboyà wọn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn ló yà mí lẹ́nu jù.

Ti àwọn lébìrà ló yà mí lẹ́nu. Láti inú ìgbèríko ni wọ́n ti ń wá gba iṣẹ́ oko ní Agége. Wọ́n bá àwọn olóko ro abẹ́ kòkó, wọ́n já a, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n bò ó kí ó kan, wọ́n sá a sóòrùn. Ojú wọn ni wọ́n ṣe gbé e sórí òṣùwọ̀n, ojú wọn náà ni wọ́n ṣe ka owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, kóró kòkó wà nínú ẹrù wọn. Àwọn ọmọ ìjọ tí Coker ń ṣe, ìyẹn Ìjọ Áfíríkà, náà ń mú un dání lọ sí ìlú tí wọ́n bá ti lọ wàásù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹni tó ti Agége dé gbẹ́ ihò kòkó tirẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ló ń gbìn. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ni nǹkan náà ṣì jẹ́ àjèjì sí, àwọn náà sì ti wá ní ẹni tí wọ́n lè máa wò.

Wọn kò sì pa oko oúnjẹ run nítorí kòkó. Àárín iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣíji bo ọmọ kòkó tí oòrùn líle lè pa, ará ilé sì ń jẹ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń retí èso. Bí kòkó bá kú, oúnjẹ ọdún náà ti wọlé. Ọgbọ́n yìí jọ mí lójú púpọ̀. Ẹ̀rù lè máa ba àgbẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ṣètò oko rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ohun tó ń bẹ̀rù bá ṣẹlẹ̀, kò ní pa á.

Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, láti 1928 ni irúgbìn àgbàdo àmúlùmálà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ wọn. Ó ń so ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ń fara da ọ̀dá, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àgbẹ̀ ní láti ra irúgbìn rẹ̀. Kò lè mú nínú ìkórè rẹ̀ gbìn mọ́. Àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ méjì, Bryce Ryan àti Neal Gross, lọ bá àwọn àgbẹ̀ 259 sọ̀rọ̀ ní àdúgbò méjì, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1943. Méjì péré nínú wọn ni kò tíì gba àgbàdo náà. Ẹnu àwọn tó ń ta irúgbìn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló wọ̀ wọ́n létí. Orí ilẹ̀ kékeré ni wọ́n sì ti ń dán an wò. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó fi gbogbo oko gbìn ín. Everett Rogers, tó kọ ìwé tó lókìkí jù lórí bí ohun tuntun ṣe ń tàn kálẹ̀, ní 1962, Iowa yìí ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, títí tí ọ̀dá 1936 fi dé: àgbàdo bàbá rọ sílẹ̀, ti àwọn aládùúgbò dúró ṣinṣin lójú rẹ̀.

Ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí kò ní owó nínú. Ní 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kan ní New York tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, tó pè ní Peter. Ehoro ń dẹ́rù ba Peter, bẹ́ẹ̀ ni eku funfun, aṣọ onírun, àní òwú pàápàá. Jones kò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Ó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọdé tí kì í bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré, kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kàn án. Ọkàn ọmọ náà ti ń balẹ̀ bọ̀ nígbà tí àìsàn gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe ń jáde bọ̀ níbẹ̀, ajá ńlá kan fò mọ́ òun àti nọ́ọ̀sì rẹ̀, gbogbo ìbẹ̀rù náà sì padà. Jones tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí Peter bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn, wọn á gbé ehoro wọlé nínú àgò, wọn á gbé e sọ́nà jíjìn, wọn á sì máa sún un mọ́ ọn lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Peter ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ehoro lára. Joseph Wolpe, dókítà ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé irú ọ̀nà yìí ga nínú ìwé tó kọ ní 1958, àwọn tó ń tọ́jú ìbẹ̀rù sì ń lò ó di òní.

Ti ajá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rò pé bí ẹ̀rù bá tún ba àwọn lẹ́yìn tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tàwọn. Bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù tó padà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni náà ju pé ajá kan fò mọ́ ọn lọ́nà.

Albert Bandura, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ló kó ọ̀rọ̀ náà jọ dáadáa jù lójú tèmi. Ní 1977, ó kọ ọ́ pé ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn fi ń gbà pé òun lè ṣe nǹkan. Èyí tó lágbára jù ni kí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é yọrí, bó ti wù kó kéré mọ. Kí ó rí ẹni tó dà bíi tirẹ̀ tó ṣe é náà lágbára. Ọ̀rọ̀ ìyànjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó àwọn méjì yẹn lágbára. Ìkẹrin ni ohun tí ara wa ń sọ fún wa: àyà tó ń lù kìkì, ọwọ́ tó ń làágùn. Lórí ìkẹrin yìí, Alison Wood Brooks ti Harvard fi hàn ní 2014 pé kí àwọn ènìyàn tó kọrin tàbí tó sọ̀rọ̀ níwájú èrò, àwọn tó sọ fún ara wọn pé ara àwọn ń yá gágá ṣe é dáadáa ju àwọn tó ń fipá mú ara wọn fọkàn balẹ̀ lọ. Kò ṣòro láti gbà gbọ́, ìlùkìkì àyà kan náà ni ti ìbẹ̀rù àti ti ìháragàgà.

Àwa tí a dàgbà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tó bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, wọn kì í gbé léèsì oníbàárà fún un lọ́jọ́ tó dé. Á gbálẹ̀ ìsọ̀, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá àti ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, á gún bọ́tìnì, á ká etí aṣọ, á gé bébà kí ó tó gé aṣọ. Títí ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ni wọ́n ń pín ìbẹ̀rù náà sí wẹ́wẹ́ fún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé a fi ọgbọ́n yìí mọ sí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọdé. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ ṣe ohun tuntun, a óò ní kó dá a ṣe fúnra rẹ̀.

Àgbàlagbà sì ni ìbẹ̀rù ń ṣe jù, torí pé ìtìjú wà nínú tirẹ̀. Ọmọdé tó bá ṣubú á dìde. Àgbà tó bá ṣubú, kí ni wọn yóò wí lágboolé? Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìbẹ̀rù ohun tuntun nílẹ̀ wa, ìbẹ̀rù ẹnu ayé ni. Èyí ló mú kí iṣẹ́ tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe l'Ábẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1940 yẹ fún àyẹ̀wò láti ìhà yìí, yàtọ̀ sí ti ìjà owó orí tí gbogbo wa mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọjà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ẹ ro ti ìyá olóṣùká tó ti ń ná ọjà láti kékeré, tí gbogbo ìsọ̀ ń wárí fún, tó wá jókòó bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń pe A, B, D níwájú obìnrin tó lọ sí òkè òkun. Fúnmiláyọ̀ mọ̀ pé ìtìjú lè lé e lọ. Ó bọ́ gáùn òyìnbó kalẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń da ìborùn bíi tiwọn, Yorùbá ló sì ń bá wọn sọ. Àwọn obìnrin tó kọ́ láti má tijú nínú kíláàsì yẹn wà lára àwọn tó dúró níwájú ààfin nígbà tó yá, títí Aláké fi gbé adé sílẹ̀ ní 1949. Kò dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni lè ya ìgboyà kejì yẹn kúrò lára ti àkọ́kọ́.

Owó ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ ọ́ ní 1979 pé ìrora àdánù máa ń tóbi lọ́kàn ènìyàn ju ayọ̀ èrè tó jẹ́ iye kan náà lọ. Nígbà tí wọ́n díwọ̀n rẹ̀ ní 1992, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ìbẹ̀rù wa kò bá ọgbọ́n mu. Mo rò pé ó sinmi lé ẹni tí à ń sọ. Ẹni tó ní mílíọ̀nù mẹ́wàá tó pàdánù ìdajì mílíọ̀nù kan, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Opó tí gbogbo ohun tó ní jẹ́ ìdajì mílíọ̀nù, tó pàdánù rẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ti lọ nìyẹn, owó ilé ti lọ. Kí a máa pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ojo nítorí pé kò fẹ́ dá òwò tuntun sílẹ̀, ìwà ìkà ni. Ohun tó nílò ni ibi tí yóò ṣubú sí tí kò ní ṣèṣe. Ohun tí àjọ, èésú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń ṣe fún àwọn ènìyàn wa nìyí láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tó mọ̀ pé àjọ òun ń bọ̀ lóṣù kẹta lè fi owó díẹ̀ dán ọjà tuntun wò lóṣù yìí.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìbẹ̀rù máa ń gbani là. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Nígbà tí MMM, ètò owó tó ń ṣèlérí èrè ńlá, gbòde ní Nàìjíríà ní 2016, àwọn tó lọ́ra ni wọ́n ń pè ní aláìnígbàgbọ́. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, wọ́n ti owó àwọn tó láyà pa. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé wọ́n rí aládùúgbò tó jèrè, wọ́n sì fi owó kékeré dán an wò lóòótọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ibi tí èrè náà ti ń wá hàn wọ́n. Lébìrà Agége mọ bí kòkó ṣe ń di owó láti orí igi dé orí òṣùwọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn, òun ni mo sì máa ń wá nínú ohun tuntun yòówù tí wọ́n bá gbé wá.

Ibòmíràn wà tí ẹ̀rí ti pọ̀ tó, tí ìbẹ̀rù kò sì lọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Ìbẹ̀rù ńlá ni, nítorí ọmọ ni: òbí wo ló fẹ́ kí wọ́n fi tirẹ̀ dánra wò? Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n ń fi wọ́n wé. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àádọ́ta ọdún lé kọjá lọ. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2025. Tèmi ni pé inú ìwé ni ẹ̀rí Ifẹ̀ wà. Ìyá tó wà ní Àgbádó tàbí ní Ọ̀yọ́ kò rí ọmọ aládùúgbò kan tó gba ọ̀nà yẹn dé yunifásítì. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kí wọ́n ti ilé ìwé kọ̀ọ̀kan níjọba ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn òbí wọlé wá wò ó.

Fún ẹni tó ti ní àpẹẹrẹ lójú, tó ti dán an wò ní kékeré, tí ìkùnà kò sì ní pa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wúwo, ẹ̀rí méjì kan wà tó lè ràn án lọ́wọ́. Steven Levitt, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Chicago, ṣí ojú ìwé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013 fún àwọn tó ń ṣiyèméjì bóyá kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n padà sílé ìwé, kí wọ́n kó lọ sílùú mìíràn. Owó ẹyọ ni wọ́n ń jù fún wọn láti fi yàn. Wọ́n jù ú ju ìgbà 20,000 lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó yí nǹkan padà lórí ọ̀rọ̀ ńlá sọ pé inú àwọn dùn ju ti àwọn tó jókòó lọ. Àwọn tó ti wà létí àtiṣe é tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lóòótọ́. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi owó ẹyọ yan iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, Thomas Gilovich àti Victoria Medvec, sì ti kọ ọ́ láti 1994 pé láìpẹ́ sígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ohun tí a ṣe tó bàjẹ́ ló ń dùn wá. Tí ọdún bá gorí ọdún, ohun tí a kò ṣe rárá ló ń pọ̀ nínú àbámọ̀ wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá sí ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é. Bí ọmọ àdúgbò bá wá bi yín bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi "Ọlọ́run ló ṣe é" nìkan dá a lóhùn. Ẹ sọ iye tí ẹ ná fún un, ẹ sọ ibi tí ẹ ti pàdánù, kí ẹ jẹ́ kó wá dúró tì yín lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó wá owó. Ẹ̀yin ará ilé wọn, bí iṣẹ́ náà kò bá yọrí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín.